Ọbẹ̀ Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọbẹ̀ òde àríyá ni gbogbo ayé máa ń yìn. Bí a bá ti ibi ìkómọ tàbí ìsìnkú àgbà dé, ìrẹsì tí alásè fi igi sè ni a ó máa rò fún ara wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: pé èéfín wọ̀ ọ́ lára, pé ẹran rẹ̀ ò kéré, pé ọwọ́ ìyá yẹn dùn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó dúró ti ìkòkò ńlá láti òru mọ́jú tó ọpẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìlù jẹ. Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò rẹ̀, tí a jẹ tán, tí a fọ abọ́ rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, òun gan-an ni oúnjẹ.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, ní ìhà Ìbarà, pẹ̀lú ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì àti ìyá mi tó ti dàgbà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ alẹ́ sì máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ léraléra. Olùkọ́ ni èmi, mo máa ń tètè délé. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń dáná alẹ́ nínú ilé wa nìyẹn. A ò ṣe ìpàdé lé e lórí. Ebi kì í dúró de ìpàdé.

Láfún ni a máa ń jẹ jù. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ará Ìbàdàn ní àmàlà dúdú wọn tí wọ́n fi ń yangàn, àwọn Ìjẹ̀bú ní ìkọ́kọrẹ́. Láfún funfun ni a bá nílé tiwa. Kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ ni mo ti máa ń gbé omi kaná. Bí omi bá ṣe ń gbóná lọ, màá jọ láfún sínú abọ́, nítorí fọ́nrán inú ẹ̀gẹ́ kì í tán nínú rẹ̀ bó ti wù kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná tó. Tí omi bá hó dáadáa, màá sọ ìkòkò kalẹ̀, màá da láfún sí i, orógùn á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí agbára wà nìyẹn. Bí ìyẹ̀fun bá ti kan omi gbígbóná báyìí ló ti ń dì, ọwọ́ tó bá dúró láti dáhùn fóònù yóò bá kókó níbẹ̀. Màá fi àkísà di etí ìkòkò mú, màá máa rò ó láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, màá máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kí kókó lè fọ́. Lẹ́yìn náà màá wọ́n omi díẹ̀ sí i, màá gbé e padà sórí iná tó rẹlẹ̀, màá dé e. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, omi á máa hó yí i ká, màá tún ṣí i, màá rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Funfun rẹ̀ á kúrò ní funfun ẹfun, ara rẹ̀ á máa dán, á sì máa fà tẹ̀ lé orógùn bí mo bá gbé e sókè. Ó ti jinná nìyẹn.

Kò sí aago níbẹ̀, kò sì sí òṣùwọ̀n. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ìyẹ̀fun mélòó ni mo dà sí omi mélòó, n kò ní èsì fún un, nítorí láfún inú àpò kan kì í mu omi tó ti inú àpò kejì. Èyí tí wọ́n sá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí èyí tí òjò ká mọ́ orí àpáta. Ojú àti apá ló ń sọ bó ṣe kù sí. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń ṣe lójúmọ́ ló ní ìwé tó ń tọ́ mi sọ́nà: iṣẹ́ ìkọ́ni ní tirẹ̀, owó orí ní tirẹ̀. Nídìí orógùn, àfi kí n wo ohun tó wà níwájú mi.

Ewédú ò le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ojú. Ní Kútọ̀ ni mo ti ń rà á, lọ́wọ́ ìyá kan tó ti mọ̀ mí. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi mú u.

“Ọkọ mi, ẹ fi tòkè yẹn sílẹ̀, oòrùn ti pa á. Abẹ́ níbí ni kẹ́ ẹ mú.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ kú ọjà o.”

“Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa?”

Bí a bá délé, ewé nìkan ni a máa ń já sínú abọ́, igi rẹ̀ kò wúlò fún ohun tí a fẹ́ ṣe. Omi ò gbọdọ̀ pọ̀. Kánún bíńtín ni, nítorí bó bá ti lé ní bíńtín, ọbẹ̀ á korò. A kì í dé ìkòkò ewédú: á hó kún, á sì dà sórí iná. Tí ewé bá ti rọ̀, ìjábẹ̀ á wọlé, a ó máa já a títí tí yóò fi yọ̀, ẹ̀yìn náà ni irú yóò wọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin mi ló ń ja ìjábẹ̀ báyìí. Ó fẹ́ràn ariwo rẹ̀.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Òdẹ̀dá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí bí wọ́n ṣe ń sá láfún sórí àpáta. Ilẹ̀ wa kún fún àpáta, òkúta tí kò ṣe é gbin nǹkan sí, ṣùgbọ́n ooru ara rẹ̀ ń gbẹ ẹ̀gẹ́ ju ẹní lọ. Kí ẹ̀gẹ́ tó dé orí àpáta, wọ́n á ti wú u, wọ́n á ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n á sì ti rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Wọ́n á fa okùn àárín rẹ̀ yọ, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá fọ́ ọ sílẹ̀ sínú oòrùn. Òórùn rẹ̀ kì í bá gbogbo imú mu. Mo ti rí àlejò tó di imú nínú mọ́tò kọjá níbẹ̀, tó sì jókòó ti àmàlà láfún ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Rírẹ yẹn kì í ṣe nítorí kó lè rọ̀ nìkan. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin wà lára rẹ̀, òun ló sì ń di cyanide nígbà tí a bá gé ẹ̀gẹ́ tàbí tí a fọ́ ọ. Omi, kíkan àti oòrùn ló ń lé e jáde, ìyẹn sì ń fẹ́ ọjọ́. Níbi tí ebi bá ti le tó fi di pé àwọn èèyàn ń ké ọjọ́ rẹ̀ kúrú, ara wọn ló ń sanwó rẹ̀. Ní 1981, nígbà tí ọ̀dá mú agbègbè Nampula lórílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló kù fún wọn láti jẹ, wọn ò sì lè dúró kó gbẹ tó bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé ni ẹsẹ̀ wọn rọ, tí wọn ò sì padà rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 lórí àìsàn kan tó ń ba ojú, etí àti ẹsẹ̀ jẹ́ lára àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni olórí oúnjẹ wọn lójoojúmọ́.

Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni ojú tí mo fi ń wo àpò láfún ti yí padà. Ìyá kan tí n kò mọ̀ ló dúró ti omi yẹn. Ó lè kánjú gbé e jáde ní ọjọ́ kejì kó tètè rówó, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rí i pé kò tíì rọ̀, ó fi í sílẹ̀. Ní alẹ́ tí mo bá ń gé òkèlè kékeré fún ọmọbìnrin mi, mo ń fi ẹ̀mí ọmọ náà sọ́wọ́ ìyá yẹn. Bí a bá ní oúnjẹ ilé ni a jẹ, ẹ jẹ́ ká rántí iye àwọn tó ti bá wa sè é kó tó dé ilé.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e dé èbúté Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́ níbí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnì kan kọ́ ọ, ó kọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì wá ṣe é débi pé bí a bá dárúkọ láfún lónìí, Ẹ̀gbá ni yóò sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìwádìí yẹn, kò sì sí orúkọ ẹni kankan lára rẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Bí àlejò bá gun Olúmọ, àwọn tó ń mú wọn yí ká á fi àwọn ihò kan hàn wọ́n nínú ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lábẹ́ àpáta. Wọ́n á ní odó àwọn obìnrin ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan, tí wọ́n ti ń gún nǹkan nígbà ogun. Ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ débẹ̀, ilé ti tú lẹ́yìn wọn. Bí mo bá mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, ibi gíga tí wọ́n ti lè rí òrùlé ìlú ni wọ́n ń sáré lọ. Ibi àwọn ihò yẹn ni èmi máa ń dúró sí. Ìtàn ogun tí wọ́n kọ́ wa kún fún orúkọ balógun. Ẹni tó gún nǹkan nínú òkùnkùn kí àwọn ọmọ tó sùn náà gba ìlú là.

Ìlú yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ohun tó ń wọ inú ìkòkò ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta. Àwọn ìyá náà gbé ẹjọ́ wọn tọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ, ó sì bá wọn gbé e. Ìjà ìrẹsì àti ti owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ló fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà lágbára, débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, kó tó padà dé ní òpin 1950. Wọ́n máa ń sọ ìtàn náà bí ìtàn ìṣèlú, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹni tó bá ń dáná mọ̀ pé ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́jà láàárọ̀ ni kò ní sí nínú ìkòkò lálẹ́.

Ohun tí mo rí nínú dídáná lójoojúmọ́ rèé: ibẹ̀ ni mo ti mọ àwọn tí mò ń bá gbé. Mo ti bá ìyá mi gbé láti kékeré, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo tó mọ̀ ọ́n dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ púpọ̀. Nítorí náà, mo máa ń bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí iyọ̀ tó wọ ìkòkò, màá fi irú gidi kún un, irú wooro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àlùbọ́sà, edé àti ẹja gbígbẹ tí mo ti fọ iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ó gba ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú kí ẹnu rẹ̀ tó gbà á.

“Ọmọ mi, ọbẹ̀ yìí ò gbọ́ orúkọ iyọ̀ rí.”

“Ẹ má bínú, Màámi. Dókítà ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀.”

“Dókítà ò bá mi jẹun.”

Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́. Mo sì rí i pé òkèlè rẹ̀ ti kéré ju ti àtẹ̀yìnwá, pé ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbé e mì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀fun ń dun òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro láfún tirẹ̀ kó rọ̀ díẹ̀ sí i, mo sì ń já ewédú rẹ̀ kúnná. Ìgbà tí a gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n rí ohun tó fà á, wọ́n fún un lóògùn, ìrora náà sì lọ. Àwo ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọmọ. Bí ọmọkùnrin mi bá ní òun ti yó lẹ́yìn ìwọ̀n tí mo mọ̀ pé kò lè yó o, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé ìwé. N kì í bi í nídìí oúnjẹ. Màá pè é pé kó wá bá mi fọ ìkòkò, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wà sí mi, ọ̀rọ̀ á jáde. Ti ọmọbìnrin mi, ibà ni. Kí ara rẹ̀ tó gbóná ni ata ti máa ń sú u, ọmọ tó máa ń bẹ̀ mí pé kí n bu ata sí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í hàn sí ẹni tó kàn ń bá wọn jẹ ẹ́. Ẹni tó bu ún ló mọ iye tó bù, òun náà ló sì ń rí iye tó kù.

Àwọn aládùúgbò kan ṣì ń béèrè bóyá ìyàwó mi kò sí nílé ni, bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú orógùn lẹ́yìnkùlé nígbà tí gáàsì bá tán tí mo gbé ìkòkò lé orí ààrò eléèédú. Inú rere ni wọ́n fi ń bi mí, ìdáhùn rere ni mo sì ń fún wọn. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọ̀rọ̀ “iṣẹ́ obìnrin ni” ní gbòǹgbò tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Àwọn bàbá wa tó ń sùn sí ahéré fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nígbà oko, ta ló ń dáná fún wọn? Ọdẹ tó wà nínú igbó ńkọ́? Wọ́n mọ ọ̀nà iyán, wọ́n mọ ọ̀nà ọbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá wọ ìlú ni ọwọ́ wọn ń gbàgbé. Ìpalára tó wà nínú ìgbàgbé yẹn pọ̀: ó di ẹrù lé obìnrin lórí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì gba ọ̀nà kan tí ọkùnrin lè fi mọ ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì yìí ni a kì í sọ.

N kò bá ẹni tó ń ra oúnjẹ jà. Àwọn alẹ́ wà tí a máa ń jẹ ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tí a rà ní ìtòsí ilé, a sì ń dúpẹ́. Owó gáàsì ti di ohun tí à ń ṣírò kí a tó tan iná. Ata náà le. Bí òjò tàbí kòkòrò bá bá tòmáàtì jà ní ìhà Àríwá, a ó gbọ́ ọ ní Lafẹnwá láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Nítorí iná ọba tí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, a kì í tọ́jú ata tútù. Ní Sátidé ni a máa ń lọ tàtàṣé, ata rodo, tòmáàtì àti àlùbọ́sà pọ̀, a ó sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, a ó sì pín in sínú ike. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóde tó sì fẹ́ máa dáná lálẹ́, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dín ìdajì wàhálà kù.

Ọmọkùnrin mi fẹ́ lọ sí yunifásítì tí ọdún bá yí. Mo ti ń fi orógùn lé e lọ́wọ́. Apá rẹ̀ lágbára ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ kó tètè tán. Mo máa ń sọ fún un pé kó wo ojú láfún, kó má wo ojú mi. Ìyá mi máa ń wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á máa ké sí i pé, “Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò, Àkànní, tẹ̀ ẹ́!” Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, ohùn náà ò sì yàtọ̀.

Ti ìyàwó mi ni mo máa ń wé kẹ́yìn. Màá fi ọ̀rá wé láfún rẹ̀, màá kó o sínú kúlà kí ó má bàa tutù, màá bu ewédú àti ata sí abọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí kì í fẹ́ kí wọ́n ti bá ara wọn pàdé kó tó débẹ̀. Òkadà tó ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ló ń fi í sí iwájú ara rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, bí àwọn aláìsàn bá ti sùn, fóònù mi á dún. Lánàá, ohun tó kọ ránṣẹ́ ni pé: “Mo ti jẹun. Ọbẹ̀ yẹn dùn gan-an. Irú ti pọ̀ díẹ̀ o, ẹ dín in kù lọ́la.”